Mo ṣe update áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ orí laptop mi, láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹ́ kí n wọlé mọ́

Ìyá Olùkọ́, Ọjọ́rú, aago 9:10 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ kẹta rèé tí mi ò rí oorun sùn dáadáa.

Olùkọ́ Yorùbá ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì, Abẹ́òkúta ni mò ń gbé. Láti 2020 tí àrùn kòrónà ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ pa ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kan ní Yorùbá lórí ẹ̀rọ. Ọmọ mọ́kànlá ni wọ́n. Márùn-ún wà ní London, mẹ́rin wà ní Houston, méjì wà ní Àbújá. Gbogbo Sátidé, aago 4 ìrọ̀lẹ́ níbí, la máa ń pàdé. Àwọn òbí wọn ò fẹ́ kí ọmọ máa fi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀ kiri, ìyẹn ló jẹ́ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Manchester gbé server kan kalẹ̀ fún wa, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba ọ̀rọ̀ wa tó sì ń pín in kiri. Jabber ni ọ̀nà ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ tó ń lò, èyí tí àwọn kan ń pè ní XMPP. Kì í béèrè nọ́ńbà ẹnikẹ́ni. Orúkọ àti password, ó parí.

Lọ́jọ́ Ajé, áàpù tí mo fi ń wọ ibẹ̀ lórí laptop sọ pé ẹ̀yà tuntun ti jáde. Mo gbà fún un. Nígbà tó ṣe tirẹ̀ tán, ó ní kí n fi password sí i. Ti tẹ́lẹ̀ kì í béèrè, ó ti há a sórí láti 2020. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní “Not Authorized”. Mo rọra tún un tẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì. Ohun kan náà ló sọ.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbàgbé password o. Ó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, bírò aláwọ̀ búlúù ni mo fi kọ ọ́, oríkì tí ìyá mi fi ń pè mí ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ta ló máa gbàgbé irú ìyẹn?

Fóònù mi ṣì wà nínú rẹ̀, mo ń rí ohun tí àwọn ọmọ ń kọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi fóònù kọ́ wọn. Ojú mi ò gbé e, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá sì kọ sí wọn ni mo máa ń fi àmì ohùn sí, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ọmọ tó wà ní Houston tí kò gbọ́ Yorùbá ládùúgbò, àfi kó rí àmì kó tó lè mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ̀, kó tún mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí méjèèjì.

Ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò wa ní kí n yọ áàpù náà dànù kí n tún un gbé wọlé. Ẹ̀rù ń bà mí. Iṣẹ́ àṣetiléwá àwọn ọmọ wọ̀nyí láti ọdún mélòó kan wà nínú rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, ó ní ó di ọjọ́ Àìkú kóun tó ráyè. Sátidé ni kíláàsì mi.

Ọmọ Ẹ̀gbá tòótọ́, Ọjọ́rú, aago 9:26 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ pa laptop, ẹ tún un tàn. Ẹ pa Wi-Fi náà. Ó lè jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Kọ̀ǹpútà Ọ̀ṣogbo, Ọjọ́rú, aago 9:41 alẹ́

Ìyá, ẹ kọ́kọ́ wo igun ìsàlẹ̀ ojú laptop yín, níbi tí aago wà. Ṣé ọjọ́ òní ló wà níbẹ̀? Mo ń béèrè torí pé ìwé-ẹ̀rí tí server fi ń sọ irú ẹni tí òun jẹ́ ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Ti Let's Encrypt, àjọ tó ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí, tí ọ̀pọ̀ àwọn server kékeré ń lò, ọjọ́ 90 ló sábà máa ń lò. Bí bátìrì kékeré tó wà nínú kọ̀ǹpútà bá ti kú, tí iná bá lọ, aago á sá padà sẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, áàpù á wá ní ìwé-ẹ̀rí náà ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà méjì ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi lọ́dún yìí. Bátìrì CR2032 ni mo rà sí wọn, ọ̀rọ̀ sì parí.

Ṣàngó Dátà, Ọjọ́rú, aago 9:58 alẹ́

Ẹ yọ ọ́ dànù, ẹ tún un ṣe. Bó ṣe ṣe èmi náà nìyẹn, mo yọ ọ́, ó ṣiṣẹ́.

Alábòójútó Server, Ọjọ́rú, aago 10:30 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ mà. Ẹ má yọ ohunkóhun dànù. Àwọn áàpù kan máa ń fi àkọsílẹ̀ ẹni sílẹ̀ bí wọ́n bá yọ wọ́n, àwọn mìíràn á gbá gbogbo rẹ̀ lọ, mi ò sì fẹ́ kí iṣẹ́ àwọn ọmọ yẹn di ohun tí a fi ń dán an wò. Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ má ṣe jáde lórí fóònù yín rárá. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó ṣì ṣí nìyẹn. Bí ẹ bá tì í, kò tún sí ibi tí ẹ lè gbà wọlé títí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín á fi ráyè.

Ọ̀rọ̀ aago tí Kọ̀ǹpútà Ọ̀ṣogbo sọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ṣe tiyín, ohun tí áàpù yín sọ ló jẹ́ kí n mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí Jabber ṣe ń wọlé. Áàpù á kọ́kọ́ wá ibi tí server wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Á kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ilẹ̀kùn tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 5222. Server á mú ìwé-ẹ̀rí jáde, áàpù á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á wá jọ bo ọ̀rọ̀ wọn kí ẹlòmíràn má bàa gbọ́. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ló tó kan password. Tó bá jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, áàpù á ní òun ò rí server. Tó bá jẹ́ aago ni, á sọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí. “Not Authorized” ni ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu server fúnra rẹ̀ nígbà tó ti gbọ́ password tán, tí kò bá èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mu. Ẹ ti dé ẹnu ọ̀nà, mà. Kọ́kọ́rọ́ ló kù.

Mo gbà pé ẹ ò gbàgbé password. Ẹ wá dá mi lóhùn nǹkan mẹ́ta. Níbi orúkọ, ṣé orúkọ yín nìkan lẹ kọ tàbí pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì server lẹ́yìn rẹ̀, àti pé ṣé bó ṣe wà lórí fóònù nìyẹn? Yàtọ̀ sí update yìí, kí ni nǹkan mìíràn tó yí padà lórí laptop yín lọ́sẹ̀ yìí, bó ti wù kó kéré mọ? Ẹ má sọ password yín fún mi tàbí fún ẹnikẹ́ni níbí, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi bóyá lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ tàbí lórí wà nínú rẹ̀.

Ìyá Olùkọ́, Ọjọ́bọ̀, aago 6:50 àárọ̀

Ọmọ mi, Ọlọ́run á bùkún fún ọ. Bí o ṣe pín in sí ọ̀nà yẹn ti mú ọkàn mi fúyẹ́ díẹ̀.

Ọjọ́ orí laptop tọ̀nà. Orúkọ tí mo kọ bá ti orí fóònù mu láìyẹ̀, mo gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mo fi ìka tọ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Nǹkan tó yí padà: ọmọ ọmọ mi wá lọ́jọ́ Àìkú, ó bá mi fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tuntun sí i. Ti àtijọ́ le lọ́wọ́, bọ́tìnì mẹ́ta ni mo ní láti tẹ̀ kí n tó rí ẹ pẹ̀lú àmì ohùn. Ti tuntun yìí rọrùn púpọ̀.

Password mi ní àmì. Ó ní ọ àti ẹ́. Mi ò lè kọ oríkì mi láìfi àmì sí i, kò ní jẹ́ orúkọ mi mọ́.

Nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀ lálẹ́ àná. Ní bí aago 11, lẹ́yìn tí mo ti gbìyànjú gan-an, laptop yí ohùn padà, ó ní òun ò rí server mọ́. Fóònù mi tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ náà dákẹ́. Jìnnìjìnnì bò mí. Mo pa Wi-Fi lórí fóònù, mo tan dátà síìmù, ló bá tún jí. Ní òwúrọ̀ yìí méjèèjì ti dára, ṣùgbọ́n laptop ti padà sí “Not Authorized” tirẹ̀.

Alábòójútó Server, Ọjọ́bọ̀, aago 8:15 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀, mà. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ti alẹ́ àná, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sọ ọ́, wọ́n á sì máa wá ẹ̀bi síbòmíràn. Àwa tó ń tọ́jú server máa ń fi ẹ̀ṣọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Bí password tí kò tọ́ bá pọ̀ jù láti ibì kan náà, ẹ̀ṣọ́ á ti ibẹ̀ pa fún ìgbà díẹ̀, kí olè má bàa máa dán password wò títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àdírẹ́ẹ̀sì íntánẹ́ẹ̀tì ilé yín ló tì, kì í ṣe orúkọ yín. Ìdí nìyẹn tí fóònù fi dákẹ́ lórí Wi-Fi tó sì jí lórí síìmù. Nítorí náà, lónìí, ẹ má gbìyànjú ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ títí a ó fi mọ ohun tí a ń ṣe. Bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn pa, password tó tọ̀nà gan-an kò ní wọlé, ẹ ó sì rò pé kò tọ̀nà.

Kíbọ́ọ̀dù yẹn ni mo fura sí. Ẹ fara balẹ̀ kà á, mà.

Lẹ́tà ọ tí à ń rí, ọ̀nà tí ẹ̀rọ lè gbà kọ ọ́ ju ẹyọ kan lọ. Àkọ́kọ́, ó lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo tó ní àmì lára láti ilé, nọ́ńbà rẹ̀ nínú Unicode, ìyẹn àkójọ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń mọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ni 1ECD. Èkejì, ó lè jẹ́ o lásán, kí wọ́n wá fi àmì róbótó tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0323 lé e nídìí. Ẹ̀kẹta, o lásán pẹ̀lú ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán, 0329, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nínú àwọn ìwé kan. Ojú wa rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ọ. Fún server, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni wọ́n. Kì í ka Yorùbá, nọ́ńbà ló ń kà, nọ́ńbà kan ṣoṣo tó bá yàtọ̀ ti tó láti lé ènìyàn padà.

Àwọn tó ṣe ìlànà ti ro ọ̀rọ̀ yìí o. RFC 4013, ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì kan tó jáde ní 2005, sọ bó ṣe yẹ kí áàpù tún password tò kó tó fi ránṣẹ́. Bí áàpù bá tẹ̀lé e, àkọ́kọ́ àti èkejì tí mo kọ yìí á di nǹkan kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta, tó ní ìlà, kò sí nínú àdéhùn yẹn. Ìlà ni ìlà ń jẹ́ níbẹ̀, àmì róbótó ni àmì róbótó ń jẹ́, kò sí àtúntò tó lè sọ wọ́n di ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ẹ ṣí ìwé ẹ̀kọ́ kan tí ẹ fi Microsoft Word kọ nígbà tí kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ ṣì wà. Ẹ wá ibi tí ẹ ti kọ “ọmọ”. Ẹ gbé kọ́sọ̀ sẹ́yìn ọ àkọ́kọ́, ẹ di Alt mú, ẹ tẹ X. Nọ́ńbà kan á jáde, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tún tẹ Alt àti X kó padà sí bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà ẹ fi kíbọ́ọ̀dù tuntun kọ “ọmọ” sínú ìwé òfìfo, ẹ ṣe bákan náà. Kí nọ́ńbà méjèèjì jẹ́?

Ará Pọ́bẹ̀, Ọjọ́bọ̀, aago 12:20 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Lọ́dọ̀ wa ní Benin, ɔ àti ɛ la ń kọ níléèwé, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní, kò sí àmì lábẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ìlọrin fi password kan ránṣẹ́ sí mi, ó ní ọ nínú. Mo fi ɔ kọ ọ́ torí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n kọ nìyẹn. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń bá a jà. Mi ò mọ̀ pé ó lè ṣe ẹni tó wà ní Abẹ́òkúta tó ń kọ ọ́ bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń kọ ọ́.

Ìyá Olùkọ́, Ọjọ́bọ̀, aago 3:05 ọ̀sán

Mo ti ṣe é.

Mo ṣí Ẹ̀kọ́ Kìíní ti 2020. Mo gbé kọ́sọ̀ sẹ́yìn ọ, mo tẹ Alt àti X. Ohun tó jáde ni o0329. Mo fi kíbọ́ọ̀dù tuntun kọ “ọmọ”, mo tẹ̀ ẹ́ bákan náà. 1ECD.

Mo wá sọ lẹ́tà méjèèjì di ńlá lójú laptop, tó fi jẹ́ pé ọ kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ojú ìwé. Mo rí i. Ìlà kékeré tó dúró bí ìṣó ló wà lábẹ́ ti àtijọ́, nǹkan róbótó bí èso ata ló wà lábẹ́ ti tuntun. Láti 2020 ni mo ti ń fi ìlà kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí, mo sì rò pé àmì róbótó ni mò ń kọ. Ọmọ mi, mo jókòó, mo wò ó fún ìgbà pípẹ́.

Àwọn lẹ́tà wọ̀nyí ni mo fi ọdún 32 kọ́ ọmọ níléèwé, pẹ̀lú ẹfun lójú pátákó. Níbẹ̀, bí ọmọ fi ìlà sí i, bó fi róbótó sí i, máàkì kan náà ni mo ń fún un.

Báwo ni mo ṣe máa tẹ lẹ́tà àtijọ́ wọnú áàpù nígbà tí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ti lọ?

Alábòójútó Server, Ọjọ́bọ̀, aago 3:40 ọ̀sán

Ẹ ò ní tẹ̀ ẹ́, mà. Ẹ ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láti inú ìwé àtijọ́ ni. Bí ọ̀rọ̀ yẹn bá wà níbì kan lódindi nínú àwọn ìwé tí ẹ fi kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ kọ, ó dára jù bẹ́ẹ̀, torí pé bí ẹ ṣe to àmì ohùn tẹ̀lé àmì ìsàlẹ̀ náà ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ mú odindi ọ̀rọ̀ náà, ẹ ṣọ́ra kí àyè òfìfo má bàa tẹ̀lé e lẹ́yìn, torí àyè òfìfo náà lẹ́tà ni lójú server. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibi password, kí ẹ wá fi ọwọ́ tẹ ìyókù tí kò ní àmì. Ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ìyá Olùkọ́, Ọjọ́bọ̀, aago 4:22 ìrọ̀lẹ́

Ó ṢÍ! Ẹ bá mi dúpẹ́! Ó ṣí!

Ó wà nínú Ẹ̀kọ́ Kẹrin, níbi tí mo ti fi oríkì ara mi ṣàlàyé fún àwọn ọmọ ohun tí oríkì jẹ́. Mo mú un, mo lẹ̀ ẹ́, mo tẹ nọ́ńbà tó tẹ̀lé e, mo gbàdúrà díẹ̀, mo tẹ Enter. Gbogbo orúkọ wọn to lẹ́sẹẹsẹ lápá òsì. Iṣẹ́ àwọn ọmọ wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, kò sí èyí tó sọnù.

Alábòójútó Server, Ọjọ́bọ̀, aago 4:35 ìrọ̀lẹ́

Inú mi dùn gan-an, mà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ yí password yẹn padà báyìí tí ẹ ti wà nínú ilé. Ìdí méjì ni. Kò sí ọ̀nà tí ẹ ó gbà máa tẹ̀ ẹ́ mọ́, lọ́jọ́ tí áàpù bá tún gbàgbé ẹ ó tún padà sídìí ìwé àtijọ́. Èkejì ni pé ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé ẹ̀kọ́ tí ọmọ mọ́kànlá àti òbí wọn ti kà, kò yẹ kó wà nínú password. Mo mọ̀ pé ó ṣe iyebíye lójú yín, ẹ má bínú.

Fún èyí tuntun, ẹ lo lẹ́tà tí kò ní àmì kankan. Kó gùn dáadáa, ọ̀rọ̀ bíi márùn-ún tí kò bára wọn tan.

Ìyá Olùkọ́, Ọjọ́bọ̀, aago 8:50 alẹ́

Mi ò bínú, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Mo ti yí i padà. Torí náà mo lè sọ èyí àtijọ́ fún yín báyìí: Àjọkẹ́ ni. Bí kíbọ́ọ̀dù tuntun ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Bí ti àtijọ́ ṣe kọ ọ́ nìyí: Àjo̩ké̩. Mo ka nọ́ńbà inú wọn bí o ṣe kọ́ mi, ti tuntun jẹ́ mẹ́fà, ti àtijọ́ jẹ́ méje.

Ṣùgbọ́n mi ò lè kọ Yorùbá kí n bó àmì lára rẹ̀, ọmọ mi, kódà níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Mo jókòó sídìí rẹ̀ láti aago 5. Mo wá rántí pé ohùn àárín kì í gba àmì. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ ohùn àárín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí kò sì sí ẹ, ọ tàbí ṣ nínú wọn. Omi. Igi. Eku. Bí a ṣe ń kọ wọ́n gan-an nìyẹn, ó pé, kò sí ohun tí a yọ kúrò. Mo fi irú wọn ṣe é, kì í ṣe àwọn tí mo kọ síbí o. Mo tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, ó gbà. Mo jáde lórí laptop, mo tún wọlé, ó gbà.

Ìyá Olùkọ́, Sátidé, aago 6:15 ìrọ̀lẹ́

A ṣe kíláàsì lónìí. Mo fi ọ méjèèjì hàn wọ́n, èyí tó ní ìlà àti èyí tó ní róbótó, mo sì bẹ̀ wọ́n pé róbótó ni ká jọ máa kọ láti òní lọ. Lẹ́yìn náà mo kọ́ wọn ní ohùn àárín. Ọmọbìnrin kan ní Houston, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, béèrè pé kí ló dé tí omi ò ní àmì kankan. Mo ṣàlàyé fún un, mo ní kó wá irú rẹ̀ wá. Ó kọ imu, ó kọ ara, ó sì kọ ewe. Mo ní kó pe ìkẹta yẹn sókè kó fetí sí i. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá kọ ọ́ padà: ewé.